Ìròyìn Tí Káfíńtà Ń Kà

Ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbà, káfíńtà ń ka lẹ́tà kẹta nínú ABC lọ́wọ́ nígbà tí tíṣà tuntun wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ni.

Káfíńtà fi ìwé bojú. Òun ló máa ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì fún ìyàwó nílé. Lánàá, ó rí àwòrán màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ olóṣèlú kan, ó sì kà á pé màlúù ti jáwé olúborí nínú ìbò.

Ìyàwó fa àga sún mọ́ ọn.

“Ìgbà wo lo mọ̀wé kà?” káfíńtà bi í.

“Ó ti pẹ́, Bàbá Ìbejì. Níbí náà ni mo ti kọ́ ọ.”

“O sì ń jẹ́ kí n máa kà á fún ẹ?”

“Tiyín dùn ju ti inú ìwé lọ. Ṣé wọ́n ti búra wọlé fún màlúù yẹn?”