Gbogbo Ilé Mama Winifred

Onífọ́tò fi ẹ̀yìn rìn nínú ọ̀nà tóóró Ìsàlẹ̀ Gángan títí ògiri òdìkejì fi dá a dúró. Kámẹ́rà rẹ̀ a máa gé etí ilé Mama Winifred tó ní kó yà. Lẹ́ńsì méjì ló ti dá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta yìí ló fẹ̀ tó: ó gba òrùlé, ó gba àtẹ̀gùn, ó tún gba àmì pupa tí àwọn tó fẹ́ wó ilé náà kọ sára ògiri lánàá. Àwọn ọmọ Mama ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ìyá àwọn má gbọ́ nípa wíwó náà.

Mama, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ mọ́, yọjú lókè. "Ṣé ó gba gbogbo ẹ̀?"

Onífọ́tò pa àwòrán náà rẹ́. "Kò gbà á, Mà."

"Lọ wá èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Má kánjú. Ilé ò kúkú ní sá lọ."