Ìdáhùn Láti Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

"Búra pé o kò ní fi ọgbọ́n Gíríìkì kọ́ ọmọ ìjọ mọ́, kí n ṣílẹ̀kùn," ni Alàgbà Nílámónì wí láti ìta.

"Bàbá, ọgbọ́n tó bá jẹ́ òtítọ́, ti Ọlọ́run ni," olùkọ́ ìjọ fèsì láti inú yàrá tí wọ́n fi ọ̀pá ìdábùú tì í mọ́.

"Ó dáa. Jẹ́ kí ọgbọ́n náà ṣílẹ̀kùn fún ọ."

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ lágbàlá. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti àárín ìlú Alẹkisáńdíríà ti dé, ó ń fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́. "Nígbà tí Ọlọ́run yín ń rìn kiri ní Gálílì, ta ló ń bá a ṣọ́ ọ̀run?" Àwọn tó bá a wá bú sẹ́rìn-ín.

Alàgbà padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọmọ mi, kí la ó sọ fún un?"

Olùkọ́ rántí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ará Gíríìkì kọ́ ọ. "Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ ilé wa, síbẹ̀ oòrùn kò kúrò lójú ọ̀run."

Ó gbọ́ tí alàgbà sọ ọ́, tí àwọn ẹlẹ́gàn fi àgbàlá sílẹ̀, tí ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ̀mí ló fi hàn mí," ni alàgbà ń wí. "Ta ló tún nílò Gíríìkì?"

Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá fi ọ̀pá ìdábùú kejì ti ilẹ̀kùn náà.