Ìyàwó Tí Wọ́n Fi Ránṣẹ́ sí Jídà

Láti Mẹ́kà ni Àlàájì Abdulfattah ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì fi bọpobọyọ̀ sí i. Òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun fẹ́yàwó ní ìdílé tí ẹnikẹ́ni ò mọ orírun rẹ̀. Kí wọ́n lọ wádìí ìyá tó bí ìyá ọmọbìnrin náà. Bí wọ́n bá rí ẹlẹ́rìí pé wọ́n so yìgì fún un, kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá. Bí wọn ò bá rí i, kí kálukú jókòó sílé bàbá rẹ̀.

Kìfáyàtù ni ọmọbìnrin náà. Ghulail ní Jídà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Mazen, ọmọ Àlàájì, ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ọdún méjì ni ó fi bẹ bàbá rẹ̀ kó tó lanu sọ èyí pàápàá.

Rahma ni wọ́n ń pe ìyá àgbà tí wọ́n ń wá. Ohun tí Fawziyyah, ìyá Kìfáyàtù, mọ̀ nípa ìyá tó bí i kò pọ̀ rárá. Wọ́n fi í ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn sí ọkọ tí kò rí rí, nígbà tí ilé Yorùbá tó wà ní àdúgbò yẹn kò tíì pé mẹ́wàá. Nígbà tí Fawziyyah pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ọkọ kọ ìyá sílẹ̀, ó gba ọmọ. Ọkọ náà kú láì dárúkọ obìnrin náà mọ́. Àwọn aládùúgbò ló fẹnu ara wọn parí ìtàn. Wọ́n ní ta ló rí yìgì rẹ̀? Wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ọ̀gá rẹ̀ ló fún un lóyún. Ẹnu ayé lẹbọ.

"Èmi ni wọ́n ń pè ní ọmọ àlè," Fawziyyah sọ, "ìwọ ni wọ́n wá ń fìyà rẹ̀ jẹ."

"Màmá, kháláàsì, ó tó," ni Kìfáyàtù dáhùn. "A máa rí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn kiri. Ní Al-Hindawiyah, bàbá arúgbó kan tó ti ṣe alábàárù nígbà kan rántí ìyàwó kékeré kan tó ń sunkún nídìí ẹrù. Kò rántí yìgì kankan. Àmọ́ ó rántí Àlàájà tó mú un wá, Muhsinah, ó ní Mẹ́kà ló ń gbé bó bá ṣì wà láyé.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Mazen fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Mẹ́kà. Ìyá àti ọmọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ bojú, bó ti yẹ kí ìyàwó àfẹ́sọ́nà àti ìyá rẹ̀ ṣe.

"Bá a bá parí, ilé Saad níbẹ̀ la ti máa jẹun," Mazen wí. "Ìyàwó rẹ̀ ti ń se ìrẹsì láti àárọ̀. Kìfáyàtù, má jẹ ẹ́ tán o."

"Ìwọ ni kó o bẹ̀rù ara rẹ," Kìfáyàtù fèsì.

"Ta ni Saad?" Fawziyyah bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Ọjọ́ tí ìyá mi bí mi ló kú. Ìyá Saad ló gbà mí, ó fún èmi àti ọmọ rẹ̀ lọ́mú pọ̀. Lójú ẹ̀sìn, ìyá mi gan-an ni, mi ò lè fẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láé. Ó di ọdún mẹ́ta tá a sin ín."

"Kí Ọlọ́run forí jì í," ni Fawziyyah wí.

"Àmín."

Orí òkè ni ilé Àlàájà Muhsinah wà. Àwọn obìnrin gòkè, Mazen dúró ti ọkọ̀. Arúgbó náà ti lé ní àádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le koko.

"Rahma ọmọ Ìsẹ́yìn? Níwájú mi ni wọ́n so yìgì rẹ̀! Ọkọ wà ní Jídà, ó rán aṣojú wá, aṣojú gbà á níwájú lèmọ́mù. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Ta ló pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀? Ẹnu onítọ̀hún á kan!"

Fawziyyah ká ìbòjú rẹ̀, ó gbé orí lé eékún arúgbó náà, ó sì sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Kìfáyàtù ò lè mú un mọ́ra. Ó pe Mazen pé kó sáré gòkè wá fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ìyá rẹ̀ yára bojú padà. Mazen dé, ó ń mí hẹlẹ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí arúgbó, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Arúgbó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Kó tó parí, Mazen ti ń pe bàbá rẹ̀.

"Ṣé ìyá mi ṣì wà láyé?" Fawziyyah bèèrè. "Kí ló dé tí kò wá mi?"

"Ó wá ọ! Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sí Jídà, wọ́n parọ́ fún un pé bàbá rẹ ti kó ọ padà sílẹ̀ Yorùbá. Ó wá fẹ́ ọkọ mìíràn níbí. Nígbà tó sì ti bí ọmọkùnrin, ta ló tún jẹ́ pe àgbàlagbà lórúkọ? Ìyá Saad là ń pè é, títí tá a fi sin ín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn."

Àlàájì Abdulfattah ṣì ń bèèrè lórí fóònù pé ọjọ́ wo ni kí àwọn mú nígbà tí Fawziyyah dìde, tó ká ìbòjú rẹ̀ lójú Mazen, tó sì gbà á mọ́ra, tó ní, "Àbúrò mi," tí Kìfáyàtù sì ń wò wọ́n.