Ìdérí Táńkì Tí Olóyè Kùn

“Bàbá Ìbídùn, tí mo bá kú, ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà ṣí mi wò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ nítorí mi.”

Ọ̀rọ̀ tí Mọ́rádékẹ́ ìyàwó mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó, kí n sọ ìtàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn fún yín.

Ní Orí-Ọ̀dàn, níbi tí mo ti ń wa ọkọ̀ epo, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Olóyè Látúnjí. Ọ̀làwọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ohun tó ń dán ju ohun tó dára lọ, kì í sì í gbà pé òun ṣi nǹkan ṣe. Ó ní bààlúù àtijọ́ kan, ẹlẹ́ni méjì, tó ti wà kí orílẹ̀-èdè yìí tó gba òmìnira. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ọdún ìlú, bààlúù náà á fò yí ìlú ká, a ó sì máa ju fìlà sókè. Ìyàwó mi ni ẹnjiníà tó ń tọ́jú rẹ̀.

Lọ́dún kan, nígbà tí Mọ́rádékẹ́ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, Olóyè ní kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kun bààlúù náà. Nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, Olóyè kò dúró kí Mọ́rádékẹ́ dé. Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró, ìyàwó bàbá Olóyè tó tọ́ ọ dàgbà, wá wo bààlúù náà láàárọ̀. Ó fọwọ́ pa á lápá, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹyẹ yìí mà dán o! Ẹni tó bá ṣe ọ̀ṣọ́ tó báyìí, ṣé á tún fẹ́ ṣiṣẹ́?”

Bààlúù fò. Bó ṣe ń yí ìlú ká, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wúkọ́, ó sì kú. Ọlọ́run ló yọ awakọ̀ tó gbé e fò. Ó rọra gbé e sọ̀ sínú oko ẹ̀pà kan. A sáré débẹ̀. Wọ́n ṣí ìdérí táńkì, epo wà. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó ń dún dáadáa.

Ni Olóyè bá fi igbe ta. “Ẹ ò rí i? Kò sóhun tó ṣe é! Ìyá yìí ló fọwọ́ kàn án. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ́ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Ó ní kí Ìyá Àgbà kó jáde nílé òun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ariwo yìí ni Mọ́rádékẹ́ dé bá. “Olóyè, ẹ ní ta ni kò mọ̀. Èmi ni, sà. Èmi kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

“Ìwọ ìyàwó yìí, ìwé lo kà, o ò ka ayé.”

“Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ́ńjìnnì yìí tán ná. Tí n kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, n ó bọ́ sórí ayé.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Olóyè kò rẹ́rìn-ín.

Mọ́rádékẹ́ ní kí a fi okùn de bààlúù náà mọ́ igi, kí a sì dé gbogbo ohun tí wọ́n ṣí, bó ṣe wà nígbà tó ń fò. A tan án. Ó dún títí. Wọ́n ti ń fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Àgbà ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀ létí oko. Lójijì ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú, bó ṣe kú lókè. Mọ́rádékẹ́ rọra yí ìdérí táńkì. Afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀ ṣìììì, bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ mílíìkì inú agolo. Bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sí i, kì í ṣàn. Ihò kejì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Irú ihò bẹ́ẹ̀, tíńtín, wà lára ìdérí táńkì. Mọ́rádékẹ́ fi abẹ́rẹ́ ha á. Ọ̀dà tuntun ló dí i.

“Ta ló kun ìdérí yìí?”

Pẹ́ńtà wolẹ̀. “Mo fi í sílẹ̀ ni, mà. Olóyè ní kò dán. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.”

Olóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Àgbà sáàárín ẹ̀pà.

“Dìde, ọkọ mi,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ìwọ lo fi ọ̀dà dí ẹyẹ rẹ nímú, o wá ń wá ẹni tí o máa dì í rù. Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti pè mí ní àjẹ́, n kò ní sùn níbẹ̀ mọ́.”

Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí. Bààlúù náà tún fò. Ìyá Àgbà kò padà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ohun tí ẹ kò bá tíì wádìí, ẹ má fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Mọ́rádékẹ́ ti kú báyìí. Àwọn ẹbí ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó gbé ọbẹ̀ wá fún un, ló pa á. Wọ́n pa òwe àjẹ́ tó ké lánàá yẹn fún mi. Mo ní èmi kò mọ̀. Mo jẹ́ kí àwọn dókítà ṣí i wò, bí wọ́n tilẹ̀ pè mí ní ọ̀dájú. Iṣan kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀. Ẹbí ní irọ́ ni. Kí wọ́n máa wí.

N kò tíì fá irùngbọ̀n mi. N kò tíì ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. N kò tíì lọ sí ìpàdé tí ẹbí ń pè mí sí. N kò tíì bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó fi se ọbẹ̀. N kò tíì dá abọ́ rẹ̀ padà. Èmi ni mo jẹ ọbẹ̀ tó kù níbẹ̀. N kò tíì kú.