Gáàsì Tí Kò Ní Èéfín

Àtàárọ̀ ni inú ti ń bí ìyá ọmọ kan. Ọmọ rẹ̀ tún fi ikọ́ mọ́jú, àyà rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Torí ikọ́ yìí ló ṣe bá gbogbo ayálégbé jà títí wọ́n fi ta jẹnẹrétọ̀ ilé, èyí tí ọmọ náà tẹ ọwọ́ mọ́ nígbà tí ọ̀dà funfun ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ gáàsì haidirójìn di iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀. Kò pariwo, kò rú èéfín. Omi lásán ló ń kán nídìí rẹ̀.

Ìyá ọmọ náà ló tún yan ẹni tí yóò máa ta gáàsì fún wọn. Ọgbà ọkùnrin náà kò ju ẹ̀yìn ilé lọ. Ọmọlanke ló fi ń ti sílíńdà wá. Àwọn yòókù tó ń ta gáàsì jìnnà.

“Kí a máa fi ọkọ̀ dísù tó ń rú èéfín gbé gáàsì tó mọ́?” ló wí nígbà náà. “Ṣé ẹni tó wẹ̀ tán ló ń yí nínú ẹrẹ̀?”

Láàárọ̀ yìí, òórùn èéfín jẹnẹrétọ̀ tún gba fèrèsé wọlé, ló bá já lu amójútó ilé. “Ò ń tan jẹnẹrétọ̀ níbì kan nínú ilé yìí.”

“Mọ́mì, èwo? Èyí tí ẹ fi ariwo lé jáde yẹn?”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Imú mi kì í purọ́.”

“Ẹ wá tú yàrá mi. Bí ẹ bá rí ohun tó ń rùn ju bàtà mi lọ, ẹ lé mi.”

Ó tú u. Bàtà náà ń rùn lóòótọ́.

Ó bọ́ síta, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ọkùnrin tó ń ta gáàsì ní iná oòrùn ni òun fi ń yọ gáàsì jáde láti inú omi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti rí oòrùn kẹ́yìn, síbẹ̀ iná ilé kò ṣẹ́jú rí. Ó gba ọgbà ọkùnrin náà lọ.

“Ìyá wa, ẹ wọlé, ẹ ti rin gbindin.”

“Oòrùn dà?”

“Ẹ ò rí sólà lórí òrùlé ni? Bátìrì ń bá wa tọ́jú iná pamọ́.”

“Kí ló ń dún lẹ́yìn páànù yẹn?”

“Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni. Ẹ má dé ibẹ̀, ma, ilẹ̀ ń yọ̀.”

“Yà fún mi.”

Ó fi èjìká tì í, ó ṣí ilẹ̀kùn páànù náà.

Jẹnẹrétọ̀ kan ń gbọ̀n níbẹ̀, wáyà rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ tó ń ṣe gáàsì wọn, ó ń tu èéfín dúdú gba orí ògiri lọ sí fèrèsé ọmọ rẹ̀, àmì àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan sì wà nínú ọ̀dà funfun ara jẹnẹrétọ̀ náà.