Ìyá Àtúnkọ́

Àárẹ̀ ti mú tíṣà kó tó wọ kíláàsì lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, bó ṣe máa ń ṣe. Awakọ̀ mọ́kànlá ló jókòó dè é, àwọn tí iléeṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀. Obìnrin kan ló ṣìkejìlá wọn, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí obìnrin náà ti ń wá, kò sì gba ìwé ẹ̀rí rí. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ti sọ ọ́ ní Ìyá Àtúnkọ́. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí ẹ̀kọ́ kì í wọ̀ lórí tó báyìí. Tíṣà kì í bá wọn dá sí i. Ó máa ń kí obìnrin náà, á fa àga fún un, ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀.

Ó fi bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè gba ìwakọ̀ ṣe hàn wọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró tó máa ń dún bí ọkọ̀ bá fẹ́ dá ìwakọ̀ padà fún awakọ̀. Ó ní ọkọ̀ náà kì í ríran dáadáa nínú òjò, pé ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ kúrò lórí sitiárìn, ojú wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́nà. Onítírélà kan béèrè pé kí wá ni àǹfààní rẹ̀ tí èèyàn ò bá lè sinmi. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Tíṣà wo aago, ó ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́.

Obìnrin ẹ̀yìn nawọ́ sókè. "Tíṣà, ẹ ò tíì sọ ti ọmọ orí kẹ̀kẹ́."

"Ó rẹ̀ mí lónìí, mà."

"Mo mọ̀. Ẹ sọ ọ́."

Tíṣà jókòó, ó sì sọ ọ́. Awakọ̀ kan ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó gbé ìwakọ̀ lé ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ní kóun dijú díẹ̀. Ìró náà dún lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan sì ń sọdá lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé tí adájọ́ fún un síwájú obìnrin náà, obìnrin náà sì fọwọ́ sí i pé lọ́sẹ̀ yìí náà, ọkùnrin yìí ti sọ fún àwọn awakọ̀ bó ṣe sùn nídìí ọkọ̀ tó fi pa ọmọ òun.