Sinimá Tèmídayọ̀ ní Richardson

Ọjọ́ Sátidé tí Tèmídayọ̀ fẹ́ fi sinimá rẹ̀ han àwọn èèyàn ní Richardson, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, gan-an ni ìjọ fẹ́ parí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mobọ́lá, ìyá rẹ̀, sì ti kọ ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé pélébé, bó ṣe máa ń kọ ọ́ lọ́dọọdún: kí Olúwa mú ọkàn ìyá òun rọ̀. Ìyá náà ò fọwọ́ sí i pé kó fẹ́ Adédàpọ̀. Láti ìgbà tó ti bá ọkọ rẹ̀ dé Dallas, ó di ọdún mẹ́rìnlélógún, kò gbúròó ìyá rẹ̀ mọ́.

Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Tèmídayọ̀ wá bá a ní kíṣìnì. Orin ìbílẹ̀ àwọn ará Mongolia ni sinimá náà dá lé. Ọmọ náà bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹfà, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn àwọn darandaran pẹ̀lú kámẹ́rà léjìká.

"Mọ́mì, tí ẹ ò bá wá, mi ò ní fi hàn."

"Ilé bàbá rẹ l'Ọ́yọ̀ọ́ kún fún orin. O ò rí ìyẹn fi ṣe sinimá?"

"Dádì ti kọ ti Ọ̀yọ́ sí mi létí láti ìgbà tí ẹ ti bí mi. Ẹ jẹ́ kí etí mi sinmi díẹ̀."

Mobọ́lá rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó bu wàrà sínú tíì rẹ̀, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó ní òun á gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Ọláoyè, olórí àwọn obìnrin ìjọ, rí ìwé ìkéde sinimá náà. Àwòrán gòjé àwọn ará Mongolia kan ló wà lórí rẹ̀, wọ́n gbẹ́ orí ẹṣin sí i lókè. Ó bi Mobọ́lá bóyá òrìṣà ni. Mobọ́lá ní rárá o, ẹwà lásán ni, irun ìrù ẹṣin ni okùn méjèèjì. Ìyá Ọláoyè ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ń fi ọjọ́ tí àdúrà fẹ́ gbà lọ wo sinimá? Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn Mobọ́lá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Sátidé, ó jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. Adédàpọ̀ ò tíì ṣáná sí i.

"Ìyá Tèmi, ìjọ ni àbí ọ̀dọ̀ ọmọ?"

Ó gbé Bíbélì náà lé itan. "Richardson. Màá gba àdúrà tèmi nínú mọ́tò."

Ó sì gbà á lóòótọ́, láti orí fíríwéè títí wọ́n fi rí ibi páàkì sí.

Èèyàn bí ogójì ló wà níbẹ̀. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún onígòjé inú rẹ̀, wọ́n pariwo nígbà tí ọkùnrin kan ń mú ohùn méjì jáde lọ́nà ọ̀fun kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni àgọ́ funfun róbótó kan yọ lójú pápá, ìyá arúgbó kan sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń kọ orin gígùn kan láìsí ìlù, láìsí agbè. Tèmídayọ̀ na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ìyá arúgbó náà kọrin tán, ó nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wojú kámẹ́rà pe Mobọ́lá ọmọ rẹ̀ ní Sarangerel, orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bí i sínú àgọ́ yẹn, ó ní kó mú ọkọ rẹ̀ wálé kí òun rí i.